Aṣọ Búlúù Inú Rooi Maishi

Èmi ni mo gbé Zulaika Werleman lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí àlùfáà da omi sí i lórí. Èmi yìí kan náà ni mo kó ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo rí oorun sùn láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà nílẹ̀, kí ni kí n ti ṣe? Lọ́jọ́ Ajé, Hendrik Visscher, àlejò kan láti Holland, kú sínú ọ̀gbun Rooi Maishi, ọkọ̀ rẹ̀ sì dojú dé lé e lórí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀ ni mo ti rí aṣọ ìbomú búlúù kan tó há sára ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún. Orúkọ Zulaika wà létí aṣọ náà, ìyá rẹ̀ ló fi òwú funfun rán an síbẹ̀. Zulaika ni amọ̀nà tó ṣáájú àwọn àlejò lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ kékeré mẹ́fà ni wọ́n, irú èyí tí kò ní fèrèsé, tí táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ń gun òkúta kiri ní ìhà àríwá Aruba. Rudmar Dirksz, amọ̀nà kejì, ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Rudmar búra pé òun fi ojú òun méjèèjì rí Zulaika tó fi imú ọkọ̀ ti ọkọ̀ Hendrik sínú ọ̀gbun, ní agogo méjìlá ọ̀sán géérégé.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ síwájú adájọ́. Tó bá ti débẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí mo kọ, ó tán nìyẹn.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Mirelva Kock wọlé láti Oranjestad. Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ ogójì ọdún, mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù ú lọ. Ó mú pastechi, ìyẹ̀fun díndín tí wọ́n ki wàràkàṣì sí nínú, dání, ó ń jẹ ẹ́, ó ń ka ìwé mi. Ìka rẹ̀ tí òróró ti rin dúró lórí ìlà kan.

“Sájẹ́ǹtì Geerman, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé àlàyé tó ṣe nípa aṣọ yìí, irọ́ ni?”

“Èmi ni, Ọ̀gá.”

“Kí ló sọ?”

“Ó ní òun sá a sórí ọgbà ọrọ́ nídìí àwókù ilé góòlù, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ góòlù nígbà kan, tí àwọn àlejò ti ń jẹun báyìí. Ó ní atẹ́gùn ló gbé e.” Mo rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, àwókù ilé góòlù wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀gbun wà ní ìlà-oòrùn. Kí atẹ́gùn tó lè gbé aṣọ débẹ̀, àfi kó máa fi ẹ̀yìn rìn. Ó tún fẹ́ máa ṣàlàyé, mo ní kó panu mọ́. Mo ní atẹ́gùn kì í purọ́, ènìyàn ló ń purọ́.”

Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọ erékùṣù ni. Láti ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn wa ti ń wá láti ìgbà tí aláyé ti dáyé. Òun ló tẹ gbogbo igi watapana wa lórí ba sí ìwọ̀-oòrùn. Bí àlejò bá sọnù, a ó ní kó wo igi, kó máa lọ síbi tí igi dorí kọ, yóò bá òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ níbẹ̀. Ta ló ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí atẹ́gùn ti ń wá?

“Ẹ jẹ́ ká lọ rí i,” ni Ọ̀gá wí.

*

Zulaika jókòó sórí bẹ́ńṣì, ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún epo ọkọ̀. Kò wo apá ibi tí mo wà.

“Wọ́n ní ìwọ àti Hendrik jà láàárọ̀,” ni Ọ̀gá Mirelva wí.

“A jà. Ó ń to òkúta lé ara wọn, ó ń ya fótò. Mo ní kó tú u ká, ilẹ̀ wa kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó bú mi.”

“Ìwọ náà sì ní kí ọ̀gbun gbé e mì.”

“Mo ní tó bá ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀gbun á gbé e mì! Kò sí àlejò tí n kì í sọ ọ́ fún. Ìkìlọ̀ ni, Ọ̀gá, kì í ṣe èpè.”

“Ní agogo méjìlá ńkọ́?”

“Àwọn yòókù ń jẹun. Hendrik àti Rudmar ò tíì dé. Mo pe Rudmar, mo pe Rudmar lórí wokí-tokí, kò dáhùn. Mo bá wa ọkọ̀ mi gba etí ọ̀gbun, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n ò rí ẹnì kankan. Mo padà.”

“Aṣọ rẹ ńkọ́?”

Ìgbà náà ló tó gbójú sókè, èmi ló sì wò.

“Mo ti sọ fún Padrino. Ẹ bi wọ́n. N ò ní tún un sọ níwájú ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín.”

Padrino ló ń pè mí láti kékeré, nítorí èmi ni bàbá ìsàmì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo wo ilẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló jọ, tó bá ti di ẹnu, ó di í nìyẹn.

*

Ọkọ̀ Hendrik wà lẹ́yìn àgọ́ wa, ó ti rún wómúwómú. Ọ̀gá Mirelva wo abẹ́ rẹ̀, ó wo bíréèkì, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó pè mí.

“Gíà yìí, ibo ló wà?”

“Fíríì.”

“Ẹni tó ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ tí wọ́n ṣàdédé gbá lẹ́yìn, ṣé gíà rẹ̀ á wà ní fíríì?”

“Ó lè jẹ́ pé nígbà tó ń yí gbirigbiri ló yẹ̀.”

“Ó lè jẹ́.” Ó nu ọwọ́. “Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan fi í sí fíríì kó lè rọrùn láti tì. Yàtọ̀ sí Zulaika, ta ló tún kórìíra àwọn àlejò yìí lágbègbè yẹn?”

Ìbéèrè yẹn kò le rárá. Shon Fita ni!

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Shon Fita. Shon là ń pe obìnrin tí gbogbo ìlú bẹ̀rù. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí àwókù ilé góòlù. Àwọn ọkọ̀ àlejò ti tẹ etí erin tó gbìn mọ́lẹ̀, wọ́n ti pa ewúrẹ́ rẹ̀ kan. Ó ti sọ òkúta lù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn kò ní padà sílé. Bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn pé ó lè jẹ́ òun, kì í ṣe ọmọ mi. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

“Ẹ káàárọ̀ o, Shon,” ni Ọ̀gá wí.

“Ṣé ewúrẹ́ mi lẹ wá dá padà?”

“Rárá o. Ní agogo méjìlá ọjọ́ Ajé, níbo lẹ wà?”

“Ibo lo fẹ́ kí n wà? Ìdí ààrò mi ni, mò ń ro funchi.”

“Ṣé ẹnìkan rí yín?”

“Ta ló máa rí mi nínú èéfín?” Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ bí ẹni tó ti ń wá ẹni tó máa fẹjọ́ sùn. “Èéfín yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Ó kún ilé bámúbámú, ó wọ yàrá, ó wọ inú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi. Mo jáde síta, mò ń wúkọ́, omi ń dà lójú mi pòròpòrò. Funchi jóná mọ́ ìkòkò. Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí, èéfín ò wọlé bá mi rí láyé!”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: kò ní ẹlẹ́rìí. Mo ti ń ronú bí a ó ṣe gbé e wọ ọkọ̀ láì jẹ́ kó gé wa jẹ. Mo wá rí i pé Ọ̀gá Mirelva kò mira. Ó gbé pastechi kejì dé ẹnu, kò gé e jẹ.

“Shon, apá ibo ni ààrò yín wà?”

“Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́ o! Apá ibo ni ti ìyá tìrẹ wà? Ìwọ̀-oòrùn ni, níbi tí ọmọlúàbí ń kọ́ ọ sí!”

Ìwọ̀-oòrùn. Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe òmùgọ̀, ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kọ́ ààrò sí kí atẹ́gùn lè máa gba inú ilé kọjá, kó máa kó èéfín lọ sínú igbó. Kí èéfín tó ṣẹ́rí padà wá bá onílé ní yàrá…

“Ó tó ìgbà wo?” Ohùn Ọ̀gá ti lọ sílẹ̀.

“Láti bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ dé bí aago méjì. Ó tún padà bó ṣe wà. Ọmọ àbúrò mi ní ìjì ńlá kan ló ń kọjá lójú òkun lọ́hùn-ún, ó dá atẹ́gùn wa rú. Mo ṣe àmì àgbélébùú sára. Ṣé ẹ ó sanwó ìkòkò mi?”

A padà wọ ọkọ̀.

“Níbo lẹ wà lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, Sájẹ́ǹtì?”

“Lórí bẹ́ẹ̀dì. Ehín ń dùn mí. Mo ti gbogbo fèrèsé pa. Aago márùn-ún ni wọ́n pè mí jáde, atẹ́gùn sì wà níbi tó máa ń wà.”

“Èmi wà nípàdé, nínú yàrá ẹ̀rọ amúlétutù.” Ó mi orí. “Ọlọ́pàá méjì, ọmọ onílẹ̀ méjì. Ẹ wa ọkọ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń jẹun lọ́jọ́ náà. Arúgbó lè gbàgbé. Ẹ jẹ́ ká wá ohun tí kì í gbàgbé.”

*

Obìnrin ará Chile kan, Marisela, ṣí fóònù rẹ̀ fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó ti ya fótò púpọ̀ níbi àwókù ilé góòlù. Ọ̀gá ń tì í lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá dúró. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ló wà lára rẹ̀.

Marisela ló ń rẹ́rìn-ín nínú fótò náà, ó fẹ̀yìn ti igi watapana. Orí igi náà dorí kọ ọwọ́ òsì, bí gbogbo irú rẹ̀ ti ń dorí kọ ìwọ̀-oòrùn. Irun Marisela gùn dé ìbàdí, gbogbo rẹ̀ ló sì nà tàntàn sí ọwọ́ ọ̀tún. Igi sùn síbí, irun sùn sọ́hùn-ún.

Ọmọ náà sọ òótọ́ fún mi láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

“Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, Sájẹ́ǹtì,” ni Ọ̀gá wí jẹ́jẹ́.

“A ti rí fùrọ̀ adìẹ,” ni mo dáhùn.

“A ò tíì rí i tán. Aṣọ yẹn ti bọ́ lọ́rùn Zulaika, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó pa Hendrik. Ẹ rán mi létí, ibo ni Rudmar ní òun dúró sí?”

“Orí òkè, lódì kejì ọ̀gbun, apá ìlà-oòrùn. Ó ní táyà òun ló bàjẹ́, bátìrì wokí-tokí òun sì ti kú. Ó ní Zulaika dá eruku sílẹ̀ gidi, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbé eruku náà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òun sì rí gbogbo nǹkan kedere.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. “Háà! Ojú rẹ̀ gan-an ló yẹ kí eruku yẹn bọ́ sí!”

“Kò sí níbẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ purọ́ kò ní dárúkọ atẹ́gùn rárá. Ọmọ erékùṣù nìkan ló lè fi atẹ́gùn ṣe ẹlẹ́rìí láì bi í léèrè.” Ó tẹjú mọ́ mi. “Tóò. Lágbègbè Rooi Maishi yẹn, ibo ni ènìyàn lè wà fún wákàtí méjì àbọ̀ tí atẹ́gùn á yí padà tí kò ní mọ̀? Lórí òkè, á mọ̀. Nínú ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé, á mọ̀.”

“Lórí bẹ́ẹ̀dì,” ni mo fi ìbànújẹ́ wí.

“Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀?”

“Òkúta. Ọrọ́. Ewúrẹ́. Ihò àtijọ́ tí wọ́n ti ń wa góòlù…”

“Wokí-tokí kì í sì í gbọ́ràn lábẹ́ ilẹ̀,” ni Ọ̀gá Mirelva wí. Ó ti ń pe àgọ́ kó tó parí ọ̀rọ̀.

*

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú ogún ni a dúró lórí òkè náà pẹ̀lú Rudmar Dirksz. Ọkùnrin gíga ni, aláwàdà, gbogbo àlejò ló máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wa, ó ń ti ẹ̀wù mọ́ wa lára.

“Ọ̀gá, ẹ di fìlà yín mú o,” ni Rudmar wí. “Atẹ́gùn wa kì í mọ ọlọ́pàá.”

“Mo ti gbọ́. Fi ibi tí o dúró sí hàn mí.”

“Ibí yìí gan-an. Ẹ wo ojú ọ̀nà níwájú yẹn. Ó bá eré wá, ó fi imú ọkọ̀ gbá a, gbàà!”

“Eruku ò dí ọ lójú?”

“Eruku wo? Ẹ ò rí ibi tí atẹ́gùn ń kó o lọ ni? Ọ̀hún ló lọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ń jẹun.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Bí orúkọ mi.”

“Ní agogo méjìlá?”

“Ní agogo méjìlá. Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti bi mí.”

Ó fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó sì dá bírò padà fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n fún un lọ́rùn.

Ọ̀gá gbé fóònù sí i lójú. “Wo igi. Wo irun. Wo aago.”

Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe lọ sí igi, tó lọ sí irun, tó tún padà sí igi. Àlejò ì bá béèrè pé kí ló wà níbẹ̀. Rudmar kò béèrè. Ètè rẹ̀ funfun.

“Àwọn tó ń jẹun ò rí eruku kankan nínú abọ́ wọn,” ni Ọ̀gá wí. “Ọ̀dọ̀ tìrẹ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀, tó bá jẹ́ pé o wà níbí. Níbo lo wà, Rudmar?”

“Mo… bóyá aago ni mo ṣì.”

“Ẹ gbé e wá!”

Ọlọ́pàá méjì yọ láti ẹ̀yìn òkè, wọ́n gbé kúlà pupa kan láàárín wọn, wọ́n nawọ́ kó má bàa kàn wọ́n lára. Ihò góòlù ni wọ́n ti rí i, lábẹ́ àpò. Láti ọjọ́ Ajé ni àwa ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà Rooi Maishi, ẹni tó gbé e pamọ́ kò ráyè padà. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Rudmar. Ohun kan mì nínú rẹ̀: ṣẹ́ẹ́ẹ́ẹ́ẹ́.

Mo fò sẹ́yìn. Kò sí ọmọ Aruba tí kò mọ ìró yẹn. Ejò tí ń mi ṣẹ́rẹ́ nídìí ìrù ni, kò sí irú tiwa níbòmíràn lágbàáyé, òfin sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú un. Márùn-ún ló wà níbẹ̀. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ohun ọ̀sìn nínú gíláàsì, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n.

“Gbogbo kúlà tí ẹ̀yin amọ̀nà ń gbé, kí ló ń wà nínú rẹ̀?” ni Ọ̀gá béèrè.

Rudmar jókòó sílẹ̀ lórí òkúta.

“Omi,” ló wí. “Omi ló fẹ́ mu. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo ní kó má ṣí ti pupa, ó ti ṣí i. Ó wá gbé fóònù, ó fẹ́ yà á. Mo fi sípánà lù ú. Ẹ̀ẹ̀kan péré, Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run búra.”

“Ìgbà wo?”

“Kò tíì pé mọ́kànlá ààbọ̀. Mo rò pé ó ti kú. Mo gbé e jókòó sínú ọkọ̀, mo fi gíà sí fíríì. Lẹ́yìn náà mo gbé kúlà wọ ihò lọ, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n jáde títí aago méjì fi kọjá.”

“Dókítà ní ìṣubú ló pa á,” ni Ọ̀gá wí. “Kò tíì kú nígbà tí o tì í.”

Rudmar bo ojú rẹ̀. Èmi ò ṣàánú rẹ̀.

“Zulaika ńkọ́?” Mo pariwo mọ́ ọn. “Kí ló ṣe ọ́?”

“Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, nígbà tí a ń wá Hendrik lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ń sunkún. Ó ní òun gba etí ọ̀gbun kọjá ní agogo méjìlá, òun ò sì rí i.”

*

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni mo ṣílẹ̀kùn fún Zulaika. Ọ̀gá Mirelva ti pe ilé ẹjọ́, ó sì ti fi mí sílẹ̀ kí n dá ṣe é. “Ẹ̀yin lẹ mú un wọlé,” ló wí.

Mo na aṣọ búlúù náà sí i. Mo ti gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀, mo ti yọ ẹ̀gún ọrọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé mo ṣẹ̀. Mo sọ ọ́ láì fi àlàyé kankan sí i, n ò dárúkọ ehín, n ò dárúkọ fèrèsé.

Ó gba aṣọ náà, ó wo orúkọ tí ìyá rẹ̀ rán sí i létí.

“Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé atẹ́gùn yí padà,” ló wí. “Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ?”

“Mo rántí.”

“Tóò.” Ó so aṣọ náà mọ́rùn. “Ẹ gbé mi délé. Ìyá mi á ti máa wọ̀nà.”

A jáde sí ìta. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ fún un, níbi tó ti máa ń jókòó láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ṣí ti ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó sì jókòó síbi tí mo fi í sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.